Èmi Ni Mo Di Ìṣáná Mú

Wọ́n ní kí n pín àwọn fáìlì sọ́nà mẹ́ta:
èyí tó máa lo ọdún méje,
èyí tó máa lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n,
èyí tí kò gbọdọ̀ kú láé.
Òfin ló pín in bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi,
akọ̀wé kékeré nísàlẹ̀ ilé ìjọba l'Ókè-Mọ́sàn,
tí mo ń wúkọ́ eruku láti òwúrọ̀.

Eruku fáìlì kì í ṣe eruku títì.
Ó ń rùn gọ́ọ̀mù, ó ń rùn ìtọ̀ èkúté,
ó ń rùn òógùn ọwọ́ àwọn tó ti sùn ní bójì,
tí lẹ́tà wọn ṣì ń sọ pé,
"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣólàrú ló kọ́ mi níṣẹ́,
ọkùnrin tín-ín-rín, ará Ìtòkò,
tó máa ń fi okùn di fáìlì bí ẹni ń gbọ́mọ pọ̀n.
Ó ní, "Mojóyin, má fi ikán ṣe adájọ́.
Ikán ò ka òfin, ikán ò bèèrè òǹtẹ̀.
Bí ìwé bá máa kú, kó kú lójú ẹlẹ́rìí.
Kọ orúkọ rẹ̀, fi ránṣẹ́ sílé ìpamọ́,
kí wọ́n wò ó, kí wọ́n ní 'ẹ sun ún' tàbí 'ẹ gbé e wá'.
Láìsí ìyẹn, ẹni tó bá ṣáná sí i, olè ni."
Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gòkè wá láti Láfẹnwá,
bàtà rẹ̀ já, ó fi rọ́bà so ó.
Ìyá Ẹfúnwùnmí, tíṣà àná,
ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nídìí pátákó àti ẹfun.
Wọ́n ní kó mú lẹ́tà tí ìjọba fi gbà á síṣẹ́ wá,
kí ìjọba tó lè gbà pé òun gbà á.
"Omi gbé tèmi lọ lọ́dún tí Odò Ògùn wọlé wa.
Tìjọba dà?"

Mo wá a lábẹ́ Ẹ, mo wá a lábẹ́ T,
mo wá a lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì ìjẹun.
Mo rí rìsíìtì ọtí ẹlẹ́rìndòdò, páálí mẹ́wàá,
tí wọ́n rà fún ìpàdé kan lọ́dún 1983:
ó funfun, ó ń dán, ikán ò tọ́ ọ wò.
Mo rí àwòrán páìpù omi tí wọn ò rì mọ́lẹ̀ rí n'Íjẹmọ̀.
Tìyá kò sí.

Ìgbà náà ni mo rántí iná.

Ẹ̀yìn ilé, ìdí máńgòrò, Sátidé kan.
Ọ̀gá tuntun ń fẹ́ yàrá; ó ní ká kó àlòkù jáde.
Kò sí àtòkọ. Kò sí òǹtẹ̀. Kẹrosíìnì, lítà mẹ́rin.
Bébà dúdú ń fò gba ọ̀nà Òkè-Ìlẹ̀wọ̀,
àwọn ọmọdé ń sáré hán an,
ó ń di eérú lọ́wọ́ wọn.
Èmi ni mo di ìṣáná mú.

Abẹ́òkúta, ìlú tí àpáta pa mọ́,
báwo la ṣe wá gbàgbé ìpamọ́?
Pípa. Pípamọ́.
Ṣé "mọ́" kékeré yẹn ló wá wúwo jù fún wa?

Mo jókòó, mo ṣí ìwé tuntun, mo kọ ọ́:
Iye fáìlì: a kò kà á.
Ẹni tó pàṣẹ: mo fi àyè sílẹ̀ fún un.
Ẹni tó ṣáná: èmi.
Àwọn tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀: Ẹfúnwùnmí, tíṣà, Láfẹnwá.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣólàrú máa ń sọ pé
ìwé tó jẹ́rìí pé a sun ìwé,
òun gan-an ni kò gbọdọ̀ jóná.

Mo fún ìyá ní ẹ̀dà kan.
N kò mọ̀ bóyá yóò di owó.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò wojú mi,
ó yọ bírò pupa nínú báàgì,
ó tún àmì kan ṣe lórí orúkọ rẹ̀.